Ohun Tó Tó Rayyan Kò Tó Hidayah

"Mummy, wọ́n ní mi ò ní lè jáde ilé ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi."

Kúlísúmù ń dín dòdò lọ́wọ́ ní kíṣìnì wọn ní Clinton, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́kọ́ rò pé eré lọmọ ń ṣe. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn tó rí i pé ojú Hidayah ti wú fún ẹkún, ó pa iná.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Káńsẹ́lọ̀ tó ń tọ́ wa sọ́nà níléèwé ni. Wọ́n ní mi ò tíì parí ẹ̀kọ́ ìlera."

Ẹ̀kọ́ ìlera kẹ̀! Ọmọ tó ń gba A nínú kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì, tí yunifásítì ti gbà wọlé láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì! Ara Kúlísúmù gbóná.

"Wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ torí pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹ́. Wọn ò tíì mọ ẹni tí wọ́n ń bá fà á. Jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná!"

Ilẹ̀ mọ́, ó wé hìjáábù, ó wọ mọ́tò, ó di ilé ẹ̀kọ́. Kó tó débẹ̀, èébú ti kún ẹnu ẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ náà jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ tán pátápátá kó tó dá a lóhùn.

"Màmá Hidayah, a sọ fún ilé yín. Gbogbo ìgbà tá a bá ti fi ọmọ yìí sí kíláàsì ìdajì kejì ẹ̀kọ́ ìlera ni bàbá ẹ̀ ń pè wá pé ká yọ ọ́, ká fi sáyẹ́ǹsì dípò ẹ̀. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní Rayyan, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ò ṣe é, wọ́n sì gé fóònù."

Kúlísúmù dìde, ó gbé báàgì ẹ̀. Bàbá ẹ̀? Mọ́ṣúdù? Ọkọ tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn, tí kò mẹ́nu bà á fún òun rí! Nínú mọ́tò, ó pe Felicia, aládùúgbò wọn tó jẹ́ káńsẹ́lọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama mìíràn, pé kó jọ̀ọ́, kó wá bá òun nílé. Inú ń bí i débi pé omi ń dà lójú ẹ̀ bó ṣe ń wakọ̀ lọ sílé lórí títì Route 5.

Ó bá ọkọ ẹ̀ ní pálọ̀, níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Dáádì Rayyan, ṣé ẹ̀yin lẹ yọ ọmọ mi kúrò ní kíláàsì?"

"Èmi ni," ni Mọ́ṣúdù wí, bí ẹni tó ṣe dáadáa. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin! Ọmọ Mùsùlùmí ni mo bí. Kẹ́mísìrì ló máa wúlò fún un, kì í ṣe ìsọkúsọ. Ìdajì ni Rayyan ṣe nígbà tiẹ̀, ìdajì náà ni Hidayah ṣe. Ṣebí Rayyan jáde?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Kí ni mo fẹ́ wá sọ? Ṣé èmi kọ́ ni bàbá ẹ̀ ni?"

Hidayah wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. "Daddy, I told you," ló wí. "Mo ní gbogbo kíláàsì wa ló ń ṣe odidi. Ẹ ní kí n má bá yín jiyàn."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ sọ̀rọ̀, wọ́n pè é ní aláfojúdi.

Ibẹ̀ ni Felicia bá wọn. Ó kí wọn, ó jókòó, ó gbọ́ tọ̀tún tòsì.

"Dáádì Rayyan, ẹ má bínú o. Ìgbà wo ni Rayyan wọ kíláàsì kẹsàn-án, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama?"

"Kí Kòrónà tó dé."

"Ẹ ẹ̀ rí i? Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni Maryland yí òfin padà. Ìdajì kírẹ́díìtì ẹ̀kọ́ ìlera, ìyẹn kíláàsì sáà kan, tó àwọn Rayyan. Odidi, ìyẹn sáà méjì, ni àwọn Hidayah gbọ́dọ̀ ṣe. Ọdún tí ọmọ bá wọ kíláàsì kẹsàn-án ni wọ́n ń wò. Wọn kì í wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rárá."

"Ìsọkúsọ inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Apá kan lásán nìyẹn nínú ẹ̀, sà. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n yọ ọmọ òun kúrò nínú apá yẹn nìkan. Wọ́n á fún un níṣẹ́ mìíràn ṣe, á sì parí ìyókù. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Kí ló dé tẹ́nì kankan ò jẹ́ n mọ̀?"

Kúlísúmù fò dìde. "Ẹnì kankan kẹ̀? Káńsẹ́lọ̀ sọ fún yín, ẹ gé fóònù. Ọmọ sọ fún yín, ẹ lé e wọlé. Ìpàdé òbí tí wọ́n ti ń ṣàlàyé òfin tuntun, ẹ ò débẹ̀ rí!" Gbólóhùn yẹn ta bá òun náà, torí kò débẹ̀ rí. Ìyẹn tún wá dá kún ìbínú ẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà!"

Mọ́ṣúdù lọ lóòótọ́, ó sì bẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ wá gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọdún ẹ̀kọ́ ti fẹ́ parí. Kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ayẹyẹ ìjáde, nìkan ló kù. Felicia ní kí wọ́n pe yunifásítì lójú ẹsẹ̀. Àwọn yẹn gbà láti di àyè ọmọ náà mú, bó bá ti lè parí kí wọ́n tó wọlé.

Àyè ò bọ́, ṣùgbọ́n ayẹyẹ bọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn ẹgbẹ́ Hidayah lórí pèpéle, inú yàrá ló wà, ó ń wo fọ́tò wọn lórí fóònù. Mọ́ṣúdù kanlẹ̀kùn títí, kò ṣí i.

Nígbà tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, bàbá ẹ̀ rọra wá dúró lẹ́yìn ẹ̀.

"Kí lò ń kà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Ìyẹn náà wà nínú ẹ̀?"

"Ìyẹn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Daddy. Oúnjẹ, oògùn, ìrònú, ohun téèyàn máa ṣe bí ẹnì kan bá ṣubú lójijì. Ẹ ò tiẹ̀ béèrè."

Kò wo ojú bàbá ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Kúlísúmù gbọ́ láti kíṣìnì, kò sì gbèjà ọkọ ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, òfin tí wọ́n fi ń jáde nílé ẹ̀kọ́ girama máa ń yí padà. Ẹ má fi ti ẹ̀gbọ́n ṣe ti àbúrò. Látìgbà tọ́mọ bá ti wọ kíláàsì kẹsàn-án, ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ bi í ní ohun tó kù fún un, kẹ́ ẹ sì tún bi í lọ́dọọdún. Ẹ má yọ ọmọ nínú kíláàsì kankan láìbéèrè bóyá dandan ni. Bí apá kan bá ta ko ẹ̀sìn yín, apá yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ. Ẹ máa lọ sípàdé òbí, ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ òfin tuntun kó tó dé bá yín nílé. Bí ọmọ bá sì ń ṣàlàyé fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Òun ló ń jókòó ní kíláàsì, ẹ̀yin kọ́.