Ilẹ̀kùn Tí A Ń Tì Láti Inú

Ìjà ni wọ́n fi pàdé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin gíga kan tí ìyẹ̀fun pákó kún irun rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ eré ti ń dánra wò. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dorí kọ yàrá ìmúra lẹ́yìn ìtàgé. Obìnrin kan dìde lórí àpótí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀. Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Ta lẹ wá mú?"

"Àbúrò mi ni."

"Ẹ kọ orúkọ yín síbí. Èmi àti ìyá tó ń rán bọ́tìnnì lọ́hùn-ún la máa mú un jáde wá bá yín. Ẹ ò lè wọlé."

"Àbúrò mi tí a jọ jáde nílé láàárọ̀? Ṣé olè ni mo jọ lójú yín ni?"

"Olè kì í kọ ọ́ síwájú orí, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ."

Ó kọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bírò ya ìwé náà. Nígbà tí wọ́n mú àbúrò rẹ̀ jáde, ńṣe ni ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló jẹ́ nígbà náà, àmọ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ, òye rẹ̀ ti jókòó síbi ọdún méje, kò sì tẹ̀ lé e mọ́. Ó fẹ́ràn eré ju oúnjẹ lọ.

"Bùrọ̀dá, ẹ ti bínú sí Àǹtí Télọ̀," ó ní. "Imú yín ti fẹ̀."

Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Òun kọ́ ló ṣòfin náà. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ọmọdé, tàbí àgbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń ṣọ́ ọ, kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú àgbà kan ṣoṣo nínú yàrá tí wọ́n tì, àgbà méjì ni kó máa wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì wá mú wọn lọ, kó kọ orúkọ. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa mójú tó òfin náà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló rántí pé àwọn níṣẹ́ láti ṣe. Télọ̀ nìkan ló nawọ́. Látìgbà náà, Ìyá Òfin ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

Ní Sátidé kejì, ọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú àga onígi kékeré kan léjìká.

"Ẹ gbà. Ẹni tó ń lé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ó yẹ kó rí nǹkan gidi jókòó lé."

"Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni àbí kí ni?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni." Ó yọ fìlà. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń mú ọmọ yìí kiri. Ilé ìwé, ọsibítù, gbogbo ibi. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ pé àbúrò òun ni, kó sì mú un lọ. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ẹni tí mo jẹ́. Mo délé, inú ń bí mi. Nígbà tó yá, mo rí i pé kì í ṣe inú ló ń bí mi mọ́."

Télọ̀ jókòó sórí àga náà. Kò mì rárá. Ó mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé òun ti kó sínú ìfẹ́.

Káfíńtà, bí wọ́n ṣe wá ń pe ọkùnrin náà, di ọmọ ẹgbẹ́. Òun ló ń kan ògiri àti fèrèsé eré, Télọ̀ ń rán aṣọ nítòsí, Ẹlẹ́rìn-ín ń sáré láàárín wọn pẹ̀lú adé tí wọ́n fi páálí ṣe.

"Ìfẹ́ mi, o ti gé pákó yẹn kúrú," Télọ̀ á ní.

"Ojú rẹ ló ń dà mí láàmú. Yí i síbòmíì kí n lè wọn nǹkan dáadáa."

Ìyá Káfíńtà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màámi, gba Télọ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí ìdílé méjèèjì máa jókòó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Àbúrò ìyá Télọ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ẹni tó ń pè ní Àǹtí, ló máa ṣáájú ẹbí ìyàwó, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọkọ Àǹtí yìí gan-an ni Ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ eré. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ohùn rẹ̀ dùn, gbogbo òbí ló fọkàn tán an, àní Télọ̀ náà.

Oṣù kan kí wọ́n tó jókòó, ibà dá Télọ̀ dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tó padà sí gbọ̀ngàn, ó ti rí i kó tó jókòó: irin ìtìlẹ̀kùn tuntun, ó ń dán, wọ́n kàn án mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìmúra, láti inú.

"Ta ló kan èyí?"

"Èmi ni." Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń retí oríyìn. "Ọ̀gá ló ní kí n bá òun ṣe é. Ó ní aṣọ ti ń sọnù."

"Aṣọ wo? Èmi ni mo rán wọn, èmi ni mo ń kó wọn. Ìkan ò sọnù."

"Ó ní olè—"

"Olè tó ń bọ̀ wá jí aṣọ, ìta ló ti ń wọlé. Irin tó wà nínú, ta ló ń dá dúró?"

Ó yíjú wo irin náà.

"Mo bi ọ́, ìwọ ọkùnrin yìí. Ta ló ń dá dúró?"

"Ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò fẹ́ kà.

Àwọn méjèèjì wo ìta. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí wọn, kò dé adé páálí rẹ̀. Káfíńtà wá rántí pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ilé àwọn ti dákẹ́. Eyín ló rò pé ó ń dun Ẹlẹ́rìn-ín.

Télọ̀ lọ jókòó tì í. Ó yọ téèpù lọ́rùn nítorí ọmọ náà ti fọwọ́ méjèèjì gbá ara rẹ̀ mú.

"Mi ò wọ̀n ọ́. Mi ò sì ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Tí ọ̀rọ̀ bá wà, mo wà níbí."

Ẹlẹ́rìn-ín sún mọ́ ọn.

"Àṣírí ni. Ọ̀gá ní eré àṣírí la jọ ń ṣe. Ó ń ti ilẹ̀kùn. Mo ní mi ò fẹ́ràn eré yẹn. Ó ní tí mo bá sọ, wọn ò ní jẹ́ kí n gorí ìtàgé mọ́." Ó fi ìka ha sìmẹ́ńtì. "Ó ní Bùrọ̀dá mọ̀ sí i. Ó ní ṣebí Bùrọ̀dá ló kan irin."

Káfíńtà wà lẹ́yìn wọn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí padà, ó mú hámà lórí tábìlì. Télọ̀ sáré bọ́ síwájú rẹ̀.

"Gbé e kalẹ̀."

"Kúrò lọ́nà."

"Tí o bá lù ú, ẹjọ́ tìrẹ la máa rò, a ò ní ro ti Ọ̀gá mọ́. Ohun tó ń wá nìyẹn. Gbé e kalẹ̀, kí o mú àbúrò rẹ lọ bá Màámi, kí ẹ gbé e dé ọsibítù. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Èmi máa kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́."

Ó kọ ọ́, tòun ti ọjọ́ àti aago. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìgbà tó sunkún tán ni ìbínú tó wọlé, ìbínú tútù, èyí tí kì í lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àǹtí pè é sí pálọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n Àǹtí méjì ti jókòó. Ọ̀gá náà wà níbẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó ń ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Mo gbọ́ pé o ń kọ ìwé kiri," Àǹtí ní.

"Ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ni mo ń gbé e lọ, Àǹtí. Lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n àgbà wú ikọ́. "Ọ̀rọ̀ ilé, inú ilé ni wọ́n ti ń parí ẹ̀. Ọmọ tí orí rẹ̀ ò pé, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́?"

"Èmi."

"Ìwọ ta ni?" Ọ̀gá kò gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. "Ìwọ tí mo san owó ilé ìwé rẹ. O kàn ń wá bí o ṣe máa jẹ́ ọ̀gá lórí mi ni."

"Ẹ ní aṣọ ń sọnù, Ọ̀gá. Aṣọ wo ló sọnù?"

Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Télọ̀ wo ojú Àǹtí rẹ̀, ó sì rí ohun tó dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ: Àǹtí gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ látòkè délẹ̀, ó sì fẹ́ kó dákẹ́ síbẹ̀.

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́," Àǹtí ní. "Tí o bá gbé ìwé yẹn jáde, kò sẹ́ni tó máa tinú ilé yìí wá síbi ìgbéyàwó rẹ. Ẹnì kan ṣoṣo kò ní wá. O gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ pọ̀n mí. Ta ló wá fẹ́ pọn ọmọ yẹn?"

Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó jáde. Láago mẹ́jọ àárọ̀, òun lẹni àkọ́kọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wẹ́fíà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá méjì mìíràn ti mú ọmọ tiwọn wá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di ti ìlú. Wọ́n ní ó ba ẹgbẹ́ jẹ́. Àwọn oníbàárà kó aṣọ wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òmíràn kò tiẹ̀ dúró kó gán an tán. Màámi ránṣẹ́ pé ẹni tó bá ti inú ilé ọkùnrin yẹn jáde, kò ní wọ ilé òun. Káfíńtà nìkan ló wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Olówó orí rẹ ni mo fẹ́ jẹ́, ohun yòówù kí Màámi sọ."

"Máa lọ," Télọ̀ ní. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, kò tíì kú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wo ọwọ́ rẹ, irin yẹn ni mò ń rí. Òfin wà lára ògiri, lẹ́tà gàdàgbà. O kà á. O sì kàn án, torí pé Ọ̀gá lẹni tó sọ pé kí o kàn án."

"Òótọ́ ni."

Kò bẹ̀ ẹ́. Ó lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn tó ni gbọ̀ngàn pe ìpàdé gbogbo òbí. Ọ̀rẹ́ Ọ̀gá kan dìde, ó fọwọ́ sápò.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló ń mójú tó òfin? Télọ̀. Níbo ló wà nígbà náà? Ó sùn sílé. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, ẹ má wò jìnnà."

Àwọn kan ń mi orí. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Lẹ́yìn pátápátá, àga kan ró.

"Ibà ló dá a dùbúlẹ̀," Káfíńtà ní. "Èmi ni mo kan irin náà. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo ka òfin, mo sì rò pé àwọn mìíràn ló wà fún, kì í ṣe Ọ̀gá. Mo ti sọ ọ́ ní wẹ́fíà, mo máa sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bu ẹnì kan, èmi nìyí."

Ó bọ́ sí iwájú, síbi tí Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Ó kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n níwájú àbúrò, lójú gbogbo èèyàn.

"Bùrọ̀dá kò mọ̀ sí i. Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá ṣe àṣìṣe ńlá. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan. Ṣé o gbọ́?"

Ẹlẹ́rìn-ín na ọwọ́ sí i. "Ẹ dìde," ó ní. "Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí."

Màámi ló wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò jókòó.

"Mo ní ẹni tó ti ilé ọkùnrin yẹn jáde kò ní wọlé mi. Èmi ni mo sì bí ẹni tó kan irin náà. Tí a bá ní ká máa fi ilé ṣẹjọ́, ilé tèmi náà wà níbẹ̀. Ìwọ dìde sí àwọn ènìyàn rẹ. Èmi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kò jẹun dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ rẹ."

Télọ̀ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Ó ti ṣọ́ ìbínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ iná. Ó wò ó báyìí, ó rí i pé ó ṣì wà, kò dín kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara Káfíńtà ló ń jó mọ́.

"Ẹ ní kó wá," ó ní.

Adájọ́ dá Ọ̀gá lẹ́bi nígbà tí ọdún yípo. Àǹtí kò bá Télọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, títí ó fi kú. Ó mú ìlérí tó ṣe nípa ìgbéyàwó náà ṣẹ.

Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti gbéyàwó. Lápá ọ̀tún, ẹbí ọkọ kún fọ́fọ́, wọ́n ń fún ara wọn. Lápá òsì, níbi tí ẹbí ìyàwó ti yẹ kó wà, ìlà àga mẹ́ta ló ṣófo. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù wo àwọn àga náà, ó wo Télọ̀.

"Ṣé ká ṣì dúró dè wọ́n?"

"Rárá, sà. Wọn ò bọ̀."

Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Akọ̀wé ṣí ìwé. Ni Ẹlẹ́rìn-ín bá dìde láàárín àwọn ẹbí ọkọ. Màámi fà á láṣọ kó jókòó, ó já ara rẹ̀ gbà. Ó la àárín gbọ̀ngàn kọjá, ó lọ jókòó sórí àga àárín gbùngbùn ní ìlà àkọ́kọ́ lápá òsì, òun nìkan, ó tẹ́ aṣọ rẹ̀ dáadáa.

"Bùrọ̀dá ti ní èèyàn púpọ̀," ó sọ fún akọ̀wé. "Èmi ni ti ìyàwó. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀."