Ọ̀rọ̀ Tí Àsíátù Fẹ́ Gbé Mì

Bí Àsíátù ṣe gun orí pèpéle ní gbọ̀ngán ìlú Ìlora báyìí, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Àfáà Habeebullah, àgbẹ̀ Fìdítì tó ń sin ewúrẹ́, jókòó síwájú pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àsíátù yára wolẹ̀.

Ìdíje sáyẹ́ǹsì ni, òun ló sì ń ṣojú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Olúbùkọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó fẹ́ sọ. "Àtọ̀ kẹ̀? Níwájú bàbá ẹ? Sọ pé ẹ̀jẹ̀ jàre, ta ló máa mọ̀?"

"Jíìnì, ìyẹn àbùdá tí a jogún, tó ń jẹ́ kí imú gbọ́ òórùn," ni Àsíátù bẹ̀rẹ̀, "ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn pẹ̀lú lára ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú... nínú ẹ̀jẹ̀ akọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Àlàkẹ́, tíṣà àgbà tó ń ṣe adájọ́, bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ lo kà nínú ìwé?"

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Àsíátù kò tó ìṣẹ́jú méjì. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún parọ́ lé irọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ojú ló tì mí. Àtọ̀ ni. Ó ní ohun tó ń gba òórùn bíi ti imú. Àwọn onímọ̀ rò pé ó lè máa fi wá ẹyin abo, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí i dájú."

Àwọn ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ni Àfáà bá dìde.

"Kí lẹ ń rín sí? Ta ni nínú yín tí kò tibẹ̀ wá? Bí òbúkọ ṣe ń gun ewúrẹ́, ojú wa ló ti ń ṣe é nílé. Ọmọ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngán hó yèè. Àsíátù dìde, ó sì sọ ìyókù láìwolẹ̀.

Wọ́n yọ máàkì márùn-ún nítorí ẹ̀jẹ̀ tó kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì ṣe ipò kejì. Ó dùn ún. Àmọ́ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Fìdítì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá rẹ̀ sọ fún dírẹ́bà pé, "Ọmọ tó mọ ohun tí èmi tí mo ń sin ẹran ò mọ̀ nìyí," orí Àsíátù sì ń wú. Ó wá yé e pé ìmọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú; irọ́ tí a fi bò ó ni ìtìjú.