Ẹni Tí Ó Ní Òun Ni Ọ̀gá Ara Òun

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé pélébé yìí lé lọ́wọ́, má tíì jù ú sínú gọ́tà. Mo mọ̀ pé o ń kánjú. Mo mọ̀ pé o ti ń sọ nínú ọkàn rẹ pé, "Àwọn oníwàásù yìí tún ti dé." Bẹ́ẹ̀ ni, a tún ti dé. Bí inú bá ń bí ọ sí mi, kò burú, inú ń bí èmi náà sí ọ. Ṣáà kà á tán.

Ọkùnrin kan wà ní Jakande, ní Ìlàsàn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọláṣẹ̀hìndé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn oníṣòwò, èyí tí èèyàn máa ń ṣí lórí fóònù láti fi mọ ohun tí wọ́n ń tà àti ibi tí wọ́n wà. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. N kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ọ́fíìsì kan ní Victoria Island ló ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ bá a wí nítorí pé ó pẹ́ dé. Ọláṣẹ̀hìndé pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó sọ ọ́ sínú báàgì, ó sì dìde dúró láàárín ọ́fíìsì. "Láti òní lọ," ni ó wí, "kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí yóò tún bá mi wí. Èmi ni ọ̀gá ara mi." Ó jáde, kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu, àbí? Ìwọ náà ti sọ ọ́ rí. Ọláṣẹ̀hìndé tiẹ̀ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì fún òun, ó sì ń wọ̀ ọ́ kiri àdúgbò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Pálọ̀ ilé ni ó sọ di ọ́fíìsì. Màmá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé, opó tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Onígbàgbọ́ ni ìyá náà. Ní gbogbo ìdájí ni ó máa ń gbàdúrà sókè, tí yóò máa dárúkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Ọláṣẹ̀hìndé ń lọ sí ọ́fíìsì, ojú títì ni ó máa ń wà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kì í gbọ́. Nísinsìnyí tó wà nílé, ó wá ń gbọ́ ọ dáadáa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́!" ni ó pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ilé iṣẹ́ ni ibí. Ọjọ́ wo gan-an lẹ máa dákẹ́?"

Màmá rẹ̀ kò bínú. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ tìrẹ ni n ó dákẹ́, ọmọ mi."

Ọláṣẹ̀hìndé pòṣé, ó fi ìrọ̀rí bo orí.

Wàyí o, gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí kọ́sítọ́mà bá gbé iṣẹ́ fún un, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò fi gba àdírẹ́sì ìkànnì náà, páswọ́ọ̀dù á sì wà lọ́wọ́ òun nìkan. Kọ́sítọ́mà á rò pé òun ti ní ìkànnì. Kò ní nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá ṣẹ Ọláṣẹ̀hìndé, yóò tì í mọ́ ọn lójú bí onílé ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé. Ó ti ṣe é fún aláṣọ kan ní Ajah. Ó ti ṣe é fún ẹnìkan tó ń ta táìlì. Ọgbọ́n ni ó pè é. Àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di rere.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Ọlábùnmí ni orúkọ rẹ̀, ló ni ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn ilé wọn gan-an. Ó gbé iṣẹ́ ìkànnì fún Ọláṣẹ̀hìndé. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù wa kéré jù. Gbé e sókè pátápátá, kọ ọ́ gàdàgbà, kí o fi àwọ̀ pupa sí i. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò ní ráyè máa wá a kiri."

Ọláṣẹ̀hìndé yínmú. "Mà, ìyẹn ti ará oko jù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe iṣẹ́."

"Ṣé ìwọ lo ni ilé ìwòsàn ni? Tún un ṣe, jàre."

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Ọláṣẹ̀hìndé wọ akínyẹmí ara. Ó délé, ó tan kọ̀ǹpútà, ó pa gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì náà rẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà síbẹ̀ ní àwọ̀ pupa: A TI KÓGBÁ SÍLÉ. Ẹ MÁ WÁ MỌ́. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ bu ìrẹsì jẹ. Ìyá nọ́ọ̀sì pè é, pè é, kò gbé e.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Gbádégẹṣin, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó fi sílẹ̀. Ajah ni Gbádégẹṣin ń gbé, ọmọ Ọlọ́run ni. Ó rí ohun tí Ọláṣẹ̀hìndé kọ, ó sì wá bá a nílé.

"Ọláṣẹ̀hìndé, àwọn aláìsàn máa ka nǹkan yìí o."

"Kí wọ́n kà á. Kí wọ́n gba ibòmíràn lọ."

"Irọ́ ni o kọ síbẹ̀, o sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣí i lónìí, kí o lọ bẹ ìyá yẹn. Kí n sì sọ òótọ́ fún ọ, kì í ṣe ìyá yẹn nìkan lò ń bá jà. Jésù kú nítorí rẹ, o kò sì fẹ́ kí òun náà bá ọ wí."

Ọláṣẹ̀hìndé fò dìde. "Pásítọ̀ oní kọ̀ǹpútà! Ìwọ tí wọ́n ń pàṣẹ fún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìwọ lo wá ń pàṣẹ fún mi? Gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde kí n tó fọwọ́ bà ọ́!" Ó ju báàgì ọkùnrin náà tẹ̀ lé e síta. Màmá rẹ̀ wà ní kíṣìnì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ṣé ò ń rẹ́rìn-ín? Má rẹ́rìn-ín. O ti lé ẹni tó wá fi ìfẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ jáde rí, o sì mọ orúkọ onítọ̀hún.

Kò pẹ́ sígbà náà, Ọláṣẹ̀hìndé lọ sí Ibeju-Lekki láàárọ̀ ọjọ́ kan, láti fi iṣẹ́ rẹ̀ han ilé iṣẹ́ kan nínú Lẹ́kkí Free Zone. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yẹn lọ. Lẹ́yìn tó jáde tán, màmá rẹ̀ jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìyá náà ní. Bó ṣe ní kí òun dìde, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbé mọ́.

Sìlífátù, ará ilé wọn tó ń ta aṣọ ọmọdé, ló gbọ́ ìró náà. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìkòròdú ni, kò tíì mọ àdúgbò. Ó fi fóònù ìyá náà pe Ọláṣẹ̀hìndé. Ọláṣẹ̀hìndé wà níwájú àwọn òyìnbó, ó ń fọ èdè òyìnbó fọ́rífọ́rí. Ó wo fóònù, ó rí "Màmá", ó rò pé ọ̀rọ̀ àdúrà ni. Ó pa fóònù náà pátápátá.

Sìlífátù dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Àyúbà ni orúkọ ẹni tó ń wà á. Wọ́n jọ gbé ìyá náà sínú kẹ̀kẹ́, Sìlífátù sì ń fi fóònù rẹ̀ wá ilé ìwòsàn tó súnmọ́ tòsí. Èyí tó kọ́kọ́ rí ni ti ẹ̀yìn ilé wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ó lè rí nọ́ńbà tí yóò pè. Ìwọ náà mọ ohun tó bá níbẹ̀.

Àyúbà dẹwọ́ eré. "Àǹtí, ó dà bíi pé ilé ìwòsàn kan wà ní kọ̀rọ̀ yìí. Ṣé kí n yà?"

"Rárá o, má yà. Wọ́n ti kógbá sílé. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ síbí."

Nígbà náà ni ìyá náà gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì lágbára, ó nàka sí kọ̀rọ̀ náà. Ilé ìwòsàn yẹn ni ó ti máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ọmọ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Sìlífátù rò pé ìnira ló ń ṣe é. Ó rọra mú ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni ó ń wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́." Àyúbà tẹ iná mọ́ ọn, wọ́n kọjá kọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n bọ́ sójú títì Ẹ̀pẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dì í pa. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní apá Ajah, oòrùn ti mú gan-an, ìyá náà kò sì nàka sí nǹkan kan mọ́.

Lọ́sàn-án ni Ọláṣẹ̀hìndé tó tan fóònù rẹ̀. Ó sáré dé ilé ìwòsàn náà, ó ń hó bí omi gbígbóná. Ó kọjú sí Sìlífátù lójú gbogbo èèyàn.

"Ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn ilé wa! Ṣé ojú yín fọ́ ni? Kí lẹ wá gbé màmá mi wá síbí ṣe?"

Sìlífátù kò bá a jà. Ó nawọ́ fóònù rẹ̀ sí i. "Kà á, bùọ̀dá," ni ó wí. "Kà á sókè. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé wọn lọ. Màmá gan-an ń nàka síbẹ̀, mo mú ọwọ́ wọn sọ̀kalẹ̀, torí mo gba ohun tí mo kà gbọ́."

Ọláṣẹ̀hìndé wo fóònù náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Àwọ̀ pupa tó kọ̀ fún nọ́ńbà fóònù ni. Kò lè kà á sókè.

Dókítà jáde wá. "Wọ́n á yè," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti lè rí ìtọ́jú. N kò rò pé wọ́n á tún sọ̀rọ̀ mọ́."

Háà! Ó ti bi ìyá náà pé ọjọ́ wo ni yóò dákẹ́. Ọjọ́ náà ló dé yẹn.

Ọláṣẹ̀hìndé tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, ó dá ìkànnì náà padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà á. Ó gbójú sókè, màmá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ìgbà yẹn ni ó pe Gbádégẹṣin.

Gbádégẹṣin dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Sìlífátù sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un. Kí ó tó jókòó, Ọláṣẹ̀hìndé ti nàka sí i. "Má wàásù fún mi o! Bí o bá dárúkọ Ọlọ́run, n ó lù ọ́. Níbo ni Ó wà nígbà tí màmá mi ń kú lọ nínú kẹ̀kẹ́?"

Gbádégẹṣin náà ti bínú. Ó ní, "Ó wà níbi tí màmá rẹ ń nàka sí. Ìwọ lo ti ibẹ̀ pa."

Ọláṣẹ̀hìndé ṣe bí ẹni fẹ́ gbá a létí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ké bí ọmọdé. Ó bi í pé, "Kí ni kí n ṣe?"

"O ti ṣí ìkànnì, ìyẹn dára," ni Gbádégẹṣin wí, ó sì jókòó tì í. "Ṣùgbọ́n irọ́ tí o pa àti ìgbéraga rẹ, o kò lè pa wọ́n rẹ́ bí o ṣe pa iṣẹ́ ìyá yẹn rẹ́. Jésù nìkan ló ru wọ́n lọ sórí àgbélébùú. Yé pe ara rẹ ní ọ̀gá. Fún un ní ipò rẹ̀."

Ọláṣẹ̀hìndé dojú bolẹ̀. "Jésù, èmi ni mo ti ibẹ̀ pa. Èmi ni. Ṣàánú mi. Wá jẹ́ ọ̀gá mi." Àdúrà rẹ̀ kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀run sì gbọ́ ọ.

Má rò pé ọ̀nà wá dẹrùn fún un. Nígbà tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì Ọlábùnmí, ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Jáde! Àwọn aláìsàn mi ti ń rò pé mo ti kú!" Kò jáde. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dárúkọ màmá rẹ̀.

Ìyá nọ́ọ̀sì ní, "Màmá Ìjẹ̀bú? Èyí tó máa ń gbàdúrà fún àwọn nọ́ọ̀sì mi? Ìyá tìrẹ ni?" Ó jókòó, ó bo ojú rẹ̀. Kò sọ fún un lọ́jọ́ náà pé òun dárí jì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé màmá délé, òun ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, ó wá bá ìyá náà na ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó sì ń wá títí di òní.

Orúkọ ìyá nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gba àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀ báyìí, nọ́ńbà fóònù wà lókè pátápátá, ó pupa fòò. Ọláṣẹ̀hìndé kó páswọ́ọ̀dù gbogbo kọ́sítọ́mà rẹ̀ fún wọn. Àwọn kan bú u, ó gbà á. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni ó fi ń nu ilẹ̀.

Ní ìdájí àkọ́kọ́ tí wọ́n padà sílé, Ọláṣẹ̀hìndé jí fúnra rẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sókè, ó ń kólòlò. Nígbà tó parí, kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ìyá náà gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi nàka ní kọ̀rọ̀ yẹn, ó gbé e lé e lórí.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀gá ara rẹ? Ta ló ń dárúkọ rẹ níwájú Ọlọ́run tí ò ń pòṣé sí? Ṣé màmá rẹ ni? Ṣé ìyàwó rẹ ni, tí o ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù? O ń sọ pé tó bá dọ̀la, tí iṣẹ́ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìwọ náà á ronú nípa Jésù. Ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ọ? Oníṣekúṣe, onírọ́, agbéraga, Ó ń pè ọ́. Kò kọ Ọláṣẹ̀hìndé, kò ní kọ ìwọ náà. Ṣùgbọ́n Ó ń pè ọ́ lónìí.

Ọláṣẹ̀hìndé sọ fún mi pé kò sí ohun tí òun kò lè fi sílẹ̀ kí òun lè gbọ́ ohùn màmá òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó jí òun lójú oorun, kí ó tiẹ̀ bí òun nínú. Kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó ń gbàdúrà fún ìwọ ṣì ń sọ̀rọ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kí o bẹ̀rẹ̀ tìrẹ, nígbà tí ẹni tí yóò ṣe àmín sí i ṣì wà.