Ta Ló Bá Marlys Dáhùn?

Wọ́n fọ́ Marlys Gunderson lórí nínú yàrá fáìlì ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìjọba káúńtì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Irin tí wọ́n fi ń lu ihò sínú ìwé ni wọ́n fi lù ú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Hruska, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ káúńtì, fi máa débẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi náà rù. Lonnie Tibbetts, tó wá béèrè owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá. Ruben, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn.

"Jẹ́ kó mí," ni Hruska wí.

"Ọ̀gá, mi ò pa á o! Aago kan ààbọ̀ ni mo dé. Mo dúró títí aago méjì fi kọjá, mi ò rí i, ni mo bá wá a lọ. Mo gbé e torí mo rò pé ó ṣì ń mí."

"Irọ́! Ó ń pariwo pé òun máa fọ́ orí obìnrin náà!" ni Ruben wí.

"Oṣù méjì ni wọ́n ti gé oúnjẹ àwọn ọmọ mi! Ṣé kí n máa jó ni?"

Ruben gbá a létí. Hruska fa Ruben dìde.

"Ìwọ tó ń lu èèyàn, mo gbọ́ pé Marlys fẹjọ́ ẹ sùn pé ò ń mutí."

"Kámẹ́rà ń wò mí lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ẹ lọ wò ó."

Hruska wò ó. Òótọ́ ni. Aago kan ààbọ̀ ni Lonnie náà wọlé.

Corliss Engebret, ọ̀gá ọ́fíìsì, mú ìwé kan wá. "Kí lẹ tún ń wá? Marlys dáhùn ìbéèrè kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó wà láàyè nígbà yẹn. Ọkùnrin yìí sì ti wọlé."

Ìjọba àpapọ̀ ló ń san ìdajì owó tí káúńtì fi ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́, ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìbéèrè á ṣàdédé yọ lójú kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́: kí lò ń ṣe ní ìṣẹ́jú yìí? Èyí tí wọn ò bá dáhùn, owó rẹ̀ ti wọmi.

Hruska lọ sí yàrá ìjẹun. Abọ́ Marlys ṣì wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ gbóná, ọ̀dùnkún àti ẹran lílọ̀, ọ̀rá ti dì lé e lórí.

"Ta ló gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ yìí dún?"

"Gbogbo wa," ni Dottie, akọ̀wé, dáhùn. "Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo pè é títí, 'Marlys, wá gbé oúnjẹ ẹ o!' Kò wá. Kò sì jọ ọ́, kì í fi oúnjẹ ṣeré."

"Ta ni kò sí níbí nígbà náà?"

"Òun àti màdáámù Corliss nìkan."

"Ó ti kú nígbà yẹn, kí Lonnie tó dé. Ta ló wá bá òkú dáhùn?"

Dottie tẹjú mọ́lẹ̀. "Ìbéèrè tí èèyàn ò bá dáhùn, ojú kọ̀ǹpútà màdáámù ló máa ń yọ sí. Òun nìkan ló lè bá èèyàn dáhùn."

Corliss, tó ti tẹ̀ lé Hruska wá, gbá sísọ́ọ̀sì mú lórí tábìlì, ó gún Hruska ní apá. Hruska gbá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tábìlì. Egungun dún kẹ́kẹ́. Corliss wólẹ̀, ó ń sunkún.

"Marlys fẹ́ lọ tú àṣírí wa fún ìjọba ìpínlẹ̀! Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa kọ 'owó oúnjẹ' kódà tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ káúńtì tí ìjọba àpapọ̀ kì í sanwó rẹ̀. Bí ìjọba àpapọ̀ bá gba owó wọn padà, èèyàn méjìlá máa relé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kẹ̀yìn sí mi."

"Kí ló dé tó o wá dáhùn fún un lẹ́yìn tó o ti pa á?"

Corliss wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. "Ó ń tàn pupa lójú kọ̀ǹpútà mi. Ọdún méjìlélógún, mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀ rí. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó rántí pé ó ti kú."

Wọ́n tú Lonnie sílẹ̀. Kò lọ. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì padà jókòó síwájú tábìlì Marlys.

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ ò tíì jẹun. Ta ló máa wá dá mi lóhùn báyìí?"