Òjò Tí Kò Kan Awòsánmà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ṣẹlẹ̀ sí, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, tí iyè rẹ̀ sì pé títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á, ẹni tó bá fẹ́ kó má gbà á.

Adìẹ ló ń sìn, Ìyá Aládìẹ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ń dáko, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ló ń wò ju ilẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Awòsánmà. Yóò wo ìkùukùu, yóò wo bí èèrà ṣe ń rìn, yóò fa afẹ́fẹ́ símú, yóò sì ní òjò ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Kì í tàsé. Àwọn aládùúgbò kì í sá aṣọ láìkọ́kọ́ bi í. Ajá rẹ̀, Kòkànyín, kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, àwọn adìẹ kọ̀, wọn ò jáde nínú ilé wọn.

"Ẹ mú aṣọ òjò dání," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Òjò wo?"

"Èyí táwọn adìẹ rí."

Awòsánmà bú sẹ́rìn-ín. "Adìẹ ló wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ báyìí? Bí òjò bá kàn mí lára lónìí, má pè mí lọ́kọ mọ́."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, bàbá."

Ó súfèé pe ajá. Wọ́n lọ.

Òjò dé lọ́sàn-án. Àrá kò sán, atẹ́gùn kò fẹ́. Ó kàn já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Aládìẹ gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ aṣọ ìnura lé itan, ó ń wo ọ̀nà oko.

Kòkànyín ló kọ́kọ́ dé. Òun nìkan. Ó rin gbingbin, ó ń gbọ̀n. Ó wọ abẹ́ tábìlì lọ.

"Bàbá ẹ dà?"

Ajá kò wò ó.

Káfíńtà tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ń sáré kọjá, ó da àpò borí. "Ìyá, omi ti gbé afárá ọ̀nà oko lọ o!"

"Gbogbo ẹ̀?"

"Pákó kan ò ṣẹ́kù."

"Ọkọ mi wà lóko."

Káfíńtà dúró nínú òjò. "Bóyá wọ́n ti yà síbìkan," ló wí níkẹyìn, ó sì lọ.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Ìyá Aládìẹ tó rí ọkọ rẹ̀. Ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, kò kánjú. Òjò ṣì ń rọ̀.

Ó wọlé. Ìyá Aládìẹ na aṣọ ìnura sí i. Ọkọ rẹ̀ gbà á, ó ká a, ó gbé e sórí àga.

"Kí ni màá fi nù?"

Ó fọwọ́ kan èjìká ọkọ rẹ̀. Gbígbẹ. Fìlà, gbígbẹ. Eruku ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹrẹ̀.

"Ibo lẹ gbà?"

"Ọ̀nà wa náà."

"Afárá ńkọ́?"

"Orí ẹ̀ ni mo gbà." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí mo wí fún ẹ?"

Eyín rẹ̀ ni, èyí tó kán nígbà tó já bọ́ lórí igi. Ohùn rẹ̀ ni. Kòkànyín jáde lábẹ́ tábìlì, ó lọ sùn lé e lẹ́sẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá Aládìẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa irun ajá náà.

Ó ti gbẹ.

Ó bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà náà wọ́n jọ ń gbé. Oko ń ṣe dáadáa, adìẹ ń yé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Awòsánmà á jáde sí àárín àgbàlá, ajá á tẹ̀ lé e. Omi á máa ṣàn yí wọn ká. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn á ṣì máa ṣe eruku. Á wá na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Máa bọ̀. Kò le."

Ìyá Aládìẹ kì í dìde lórí àga ẹnu ọ̀nà.

"Mò ń bọ̀," ni yóò wí. "Ẹ jẹ́ kí n kó adìẹ wọlé ná."

Àwọn adìẹ ti wà nínú ilé látàárọ̀.