Àpẹẹrẹ Ọ̀rọ̀ Hunjọ

Ẹ̀gbà tí kò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Atúmọ̀ lóbìnrin láti ọdún mẹ́wàá ṣàdédé já bọ́ sínú omi ìfọwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àgbà ló ń dé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n na ọwọ́ láti mú ife, ọwọ́ wọn kò tó pẹpẹ tí àwọn fúnra wọn kàn mọ́ ògiri.

Atúmọ̀ ni àdúgbò ń pe àbúrò wọn, torí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń kọ, ọ̀rọ̀ kan sí káàdì kan. Ẹ̀gbọ́n yìí, tó tọ́ ọ dàgbà, ló máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin. Lọ́jọ́ Ajé, ó dé orí hunjọ. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi kọ ọ́ pé: Ẹ̀gbọ́n mi ń hunjọ.

Nígbà tó rí i pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kò tó pẹpẹ mọ́, ó sáré tọ olùkọ́ àgbà tó fún un ní ọ̀rọ̀ náà lọ.

“Ìyá, níbo lọ́rọ̀ yìí ti wá?”

“Hun ni pé kí awọ ká kò, jọ ni pé kó kóra jọ. Ìyẹn ò le. Kí lo fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀?”

Nígbà tó sọ ọ́, ìyá náà rọra ti fèrèsé.

“Ewé là ń fi ṣe é, ọmọ mi. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti mọ ojú èèyàn, kì í gba ewé mọ́. Èèyàn mìíràn nìkan ló ń gbà dípò.”

Orí Atúmọ̀ dàrú. Ṣé káàdì lásán ló fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ òun? Nígbà tó délé, ó kọ ewé dípò ẹ̀gbọ́n sórí káàdì náà, yíǹkì náà parẹ́ lójú ẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó bá kọ ọ́ pé: Mo ń hunjọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti tó pẹpẹ. Wọ́n wo ṣòkòtò tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Àbúrò mi, ta lo yá ṣòkòtò yìí lọ́wọ́ ẹ̀?”

Atúmọ̀ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè. Ẹ̀gbọ́n wo káàdì orí tábìlì, wọn kò sì béèrè mọ́.

Nígbà tó jí láàárọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ti bá a mu. Ó sáré lọ wo káàdì náà. Mo ń hunjọ ló ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹ̀gbà náà wà lórí rẹ̀.

Ó pè wọ́n. Ó pè wọ́n títí.

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ àga, ó tín-ín-rín:

“Jẹun kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àbúrò mi.”