Ẹ̀rọ-ò-gbọdọ̀-kú Padà Sílé Ìwé

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú ọdún ni, láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ-ò-gbọdọ̀-kú ń súfèé bọ̀ nílé iṣẹ́ omi tó ti ń ṣiṣẹ́, àfi bó ṣe rí i tí èrò pé jọ síwájú ògiri. Ọ̀gá ti lẹ bébà kan mọ́bẹ̀: òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ wá kí ọdún tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń tọ́jú pọ́ǹpù, ọ̀kan ò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Àmọ́ kò parí ilé ìwé girama, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó tún bébà náà kà.

Akọ̀wé tó ń tọ́jú sítọ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn yín balẹ̀ jàre. Mo mọ ẹnì kan tó ń ta ìwé-ẹ̀rí. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti jáde. Tèmi ti ń bọ̀ lọ́nà.”

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Ìwé ìdánwò tí ẹ ò ṣe? Ṣé kí ọlọ́pàá wá mú yín níṣojú àwọn ọmọ ni? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Oníbàárà mi kan ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́. Ó ní wọ́n máa ń díwọ̀n ohun tí àgbàlagbà ti mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ tó yẹ kó ṣe.”

Wọ́n gba fọ́ọ̀mù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ojú ewé ńlá kan ṣófo níbẹ̀: kọ gbogbo ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkùnrin náà kọ ọ́ pé, “Mo ń tọ́jú pọ́ǹpù,” ó sì gbé bírò sílẹ̀.

“Ìlà kan?” ni ìyàwó rẹ̀ figbe ta. “Ọdún mẹ́tàlélógún, ìlà kan?”

“Kí ni kí n tún kọ? Ohun tí mo mọ̀ kì í ṣe ìwé.”

“Ta ló ní kó jẹ́ ìwé? Tí ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe?”

“Mo máa fọwọ́ kàn án ná. Tó bá gbóná jù, mo ti mọ̀ pé gíríìsì ti gbẹ.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni obìnrin náà ń kọ ọ́, aṣọ oníbàárà sì sùn sórí máṣíìnì. Ojú ewé mọ́kànlá ni wọ́n kọ.

Olùkọ́ tó gba fọ́ọ̀mù náà ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó. “Ẹ mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ yín, àti ìwé tí ẹ fi ń ṣàkọsílẹ̀ àtúnṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ṣe é níṣojú wa.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ba pọ́ǹpù kan jẹ́ dè é. Wọ́n tàn án. Ó fàtẹ́lẹwọ́ lé e, ó dijú, ó ní kí wọ́n pa á.

“Nǹkan méjì ló ń ṣe é,” ó ní. “Ọ̀kan ni ẹ̀yin fọwọ́ ara yín bà jẹ́. Èkejì ti wà níbẹ̀ tipẹ́.”

Àwọn olùkọ́ wo ara wọn lójú. Wọ́n tú u. Òótọ́ ni! Irin tó ń yí nínú rẹ̀ ti sán, wọn ò sì mọ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ méjìlá, wọ́n yọ méje kúrò fún un. Ó jókòó ti àwọn ọmọ tó lè bí, ó kọ́ márùn-ún tó kù. Ìṣirò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ó fìdí rẹmi nígbà kan, ó tún un ṣe. Oṣù kẹwàá, ìwé-ẹ̀rí dọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ní kó máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Akọ̀wé sítọ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí iléèwé tó wà lórí ìwé rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ sì wà ní kọ́ọ̀tù títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí òun náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ lọ béèrè ní iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ tó sún mọ́ yín. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń díwọ̀n ìrírí. Èyí tó bá ń ṣe é yóò béèrè ẹ̀rí, yóò sì dán yín wò. Ẹni tó bá ní kò sí ìdánwò, ẹ sá fún un. Aránṣọ yẹn, ìyàwó Ẹ̀rọ-ò-gbọdọ̀-kú, ti gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ẹ̀yin ńkọ́?